Àfikún ímeèlì mi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo bá ń wò ó, ó sì ń dákẹ́ nígbà tí mo bá kúrò níbẹ̀

Aláfikún (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á tán, nítorí pé apá mi kò ká a mọ́, àwọn tó ń lo iṣẹ́ ọwọ́ mi sì ti ń fara gbá a.

Ní ọdún 2019 ni mo kọ àfikún kékeré kan fún bíráúsà Chrome, fún àwọn tí ímeèlì máa ń wọ̀ lọ́rùn. Iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe. Ó ń tọ́jú àwọn èsì tí ènìyàn máa ń kọ ní àkọtúnkọ, tó fi jẹ́ pé bọ́tìnì kan ni yóò tẹ̀ tí èsì náà yóò fi bọ́ sínú lẹ́tà tó ń kọ lọ́wọ́. Ó sì ń ránni létí: bí ẹ bá fi lẹ́tà ránṣẹ́, tí ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí kò fèsì, àfikún náà yóò tún gbé lẹ́tà ọ̀hún wá síwájú yín lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta tàbí oṣù kan, bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ sí. Àwọn tó ń lò ó kò tó 2,000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbára lé e débi pé wọn kì í fi ọkàn sí lẹ́tà tí wọ́n bá ti fi lé e lọ́wọ́.

Orí Manifest V2, ìyẹn ẹ̀dà àtijọ́ nínú ìlànà tí Chrome fi lélẹ̀ fún kíkọ àfikún, ni àfikún náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni Chrome Web Store kò ti gba àfikún tuntun tó bá wà lórí ìlànà àtijọ́ yẹn mọ́, àti pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Chrome ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tó kù lẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo fi falẹ̀ títí omi fi wọ ilé kí n tó jókòó tún un kọ sórí Manifest V3, ìlànà tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo gbé ẹ̀dà tuntun náà, 2.0.0, jáde ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, láti ọjọ́ náà ni n kò sì ti rí oorun sùn dáadáa.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà àkọ́kọ́ wọlé. Arábìnrin kan tó ń fi ímeèlì dá àwọn oníbàárà lóhùn kọ̀wé pé èsì 63 tí òun ti tọ́jú fún ọdún méjì ti pòórá, pé nígbà tí òun ṣí ibi tí wọ́n máa ń wà, ohun tí òun rí kà níbẹ̀ ni “Ẹ kò tíì tọ́jú èsì kankan.” Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn sínú àfikún, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sórí bíráúsà rẹ̀, n kò rò ó rí pé ẹni tó ti lò ó fún ọdún méjì ni yóò kà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mìíràn ti kọ irú lẹ́tà kan náà.

Ìránnilétí náà kò gbẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ gbogbo ìránnilétí tuntun wà nínú chrome.storage.local (ibi ìpamọ́ tí Chrome fún àfikún), kóòdù mi máa ń kà á nígbà tí bíráúsà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, yóò sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní setTimeout tirẹ̀ (àṣẹ tó ń ka àkókò kí iṣẹ́ kan tó wáyé), gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe látijọ́. Bí mo bá ṣí DevTools, fèrèsé tí a fi ń yẹ kóòdù wò, sílẹ̀ tí mo ń wo service worker náà, ìyẹn apá àfikún tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ojú, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Mo fi ìránnilétí ìṣẹ́jú mẹ́wàá dán an wò léraléra, kò sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa fèrèsé DevTools dé tí mo bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, kò sí ìránnilétí kankan tó ń dé mọ́. Mo ti ka kóòdù náà láti òkè délẹ̀ títí ojú fi ń ro mí.

Àwọn kan sì kọ̀wé pé Chrome ti dá àfikún náà dúró fúnra rẹ̀, pé ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí ó máa ka ìtàn ibi gbogbo tí wọ́n ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé mo fi àṣẹ “tabs” kún manifest (fáìlì tó ń sọ ohun tí àfikún nílò) nínú ẹ̀dà yìí, nítorí pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá táàbù ímeèlì wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n n kò ní ìtàn ẹnikẹ́ni í kà.

Ó ku ọ̀kan. Ojú-ìwé ímeèlì tí àfikún yìí ń bá ṣiṣẹ́ máa ń yí ìrísí padà láìròtẹ́lẹ̀, bọ́tìnì mi a sì pòórá. Tẹ́lẹ̀, fáìlì kóòdù kan wà lórí sáfà mi tí àfikún máa ń lọ gbé wá. Bí mo bá ti tún un ṣe níbẹ̀, àtúnṣe náà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ yẹn. Ìlànà tuntun kò gba èyí mọ́.

Mo ti kọ ìkéde kan tí mo fẹ́ fi síta lálẹ́ òní, pé kí gbogbo ènìyàn yọ àfikún náà kúrò, kí wọ́n sì tún un fi sí i, bóyá ohun gbogbo yóò padà bọ̀ sípò. Ṣé kí n fi ìkéde náà síta, àbí kí n kúkú dá ẹ̀dà àtijọ́ padà? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí: ẹnì kan ti ń kọ̀wé sí mi láti ọdún 2021 pé bí òun bá yan ìránnilétí oṣù kan, ojú ẹsẹ̀ ló máa ń dé. N kò tíì rí ìdí rẹ̀ títí di òní.

Àgbà_Kóòdù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkéde yẹn síta. Bí ó bá sì ti jáde kí ẹ tó rí èsì yìí, ẹ lọ yọ ọ́ ná kí ẹ tó ka ìyókù.

Èsì àwọn ènìyàn yín kò sọnù. Ó dá mi lójú pé inú localStorage, ibi ìpamọ́ mìíràn nínú bíráúsà, ni ẹ ń tọ́jú wọn sí látijọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe nígbà náà. Ojú-ìwé ẹ̀yìn ti Manifest V2, tí service worker wá rọ́pò, lè ka localStorage, ṣùgbọ́n service worker kò ní ọ̀nà kankan láti dé ibẹ̀. Nígbà tí kóòdù tuntun yín lọ wo chrome.storage.local, ó bá a lófìfo, ó sì sọ fún arábìnrin yẹn pé kò tíì tọ́jú èsì kankan. Èsì 63 náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ibi tí ó fi wọ́n sí. Ohun tó lè pa wọ́n rẹ́ báyìí ni kí ó yọ àfikún náà kúrò, nítorí pé bí Chrome bá yọ àfikún, gbogbo ohun tí àfikún náà tọ́jú ni yóò bá a lọ. Ìkéde tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn ni yóò sọ àdánù tí kò tíì ṣẹlẹ̀ di òótọ́.

Ní ti ẹ̀dà àtijọ́, kò ṣe é padà sí mọ́. Chrome kò ní gbà kí ó ṣiṣẹ́. Iwájú ni ẹ óò máa lọ.

Ohun tí ẹ nílò ni offscreen document, tó ti wà láti Chrome 109. Ojú-ìwé HTML ni, ti àfikún fúnra rẹ̀, tí ẹni tó ń lo bíráúsà kò ní rí, tó sì lè ka localStorage àfikún náà. Ẹ óò kọ àṣẹ “offscreen” sínú manifest. Kì í mú ìkìlọ̀ kankan wá fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí runtime.onInstalled (ìró tí Chrome fi ń sọ pé àfikún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀dà tuntun) bá dún, kí service worker ṣí ojú-ìwé náà, kí ó sọ pé LOCAL_STORAGE ni ìdí rẹ̀. Ojú-ìwé náà kò lè kọ nǹkan sínú chrome.storage fúnra rẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo ohun èlò àfikún, chrome.runtime nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, kí ó ka ohun tó wà níbẹ̀, kí ó fi í ránṣẹ́ sí service worker, kí service worker wá kọ ọ́ pamọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra jù nìyí. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé kí ìṣípò yìí wáyé nígbà tí previousVersion (nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà tẹ́lẹ̀) bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 nìkan, àwọn tó ti wà lórí 2.0.0 láti ọjọ́ Ajé, ìyẹn àwọn tí ọ̀ràn yìí ń dùn gan-an, kò ní rí nǹkan kan gbà, nítorí pé 2.0.0 ni àfikún yóò kà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà tí wọ́n ti bọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀dà sílẹ̀. Ẹ wo àmì. Nígbà tí ìṣípò bá parí pátápátá, ẹ kọ àmì kan sínú chrome.storage.local pé ó ti parí. Bí àmì náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé service worker lè kú sí àárín iṣẹ́. Ẹ sì rántí pé àwọn kan ti tọ́jú èsì tuntun láti ọjọ́ Ajé: ẹ pa tuntun àti àtijọ́ pọ̀, ẹ má jẹ́ kí èyí gorí ìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ má ṣe nu localStorage náà. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta sí i, nítorí pé òun nìkan ni ẹ̀rí tí ẹ ní bí nǹkan bá tún yí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan gbà yín nímọ̀ràn láti lo chrome.storage.sync dípò local, kí èsì lè máa tẹ̀lé ènìyàn láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún ètò kékeré, bí àwọ̀ tàbí èdè tí ènìyàn yàn. Ṣùgbọ́n 100 KB ni gbogbo ààyè tó wà nínú sync, 8 KB sì ni ohun kan ṣoṣo lè gbà, bẹ́ẹ̀ 10 MB ni ti local láti Chrome 114. Ẹni tó ní èsì 63, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi kún un.

Adánwò

Ẹ kú ìnira, Aláfikún. Ọ̀rọ̀ ìránnilétí nìkan ni èmi yóò dá sí, nítorí pé irú rẹ̀ ti jẹ mí níyà fún odidi oṣù kan.

Ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wò ó ni pé ẹ ń wò ó. Chrome kì í pa service worker tí DevTools bá ṣí sí. Bí ẹ bá ti pa DevTools, tí ìṣẹ́jú-àáyá 30 sì kọjá láìsí iṣẹ́ kan tó dé bá a, Chrome yóò pa á, gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí rẹ̀ yóò sì bá a lọ, setTimeout náà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé lẹ́tà kan. Ènìyàn fi í ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó ní kí ẹ rán òun létí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Kóòdù yín kọ orúkọ lẹ́tà náà sílẹ̀, ó sì fún setTimeout ní 259,200,000, ìyẹn iye ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ọjọ́ mẹ́ta. Kí aago mẹ́sàn-án tó kọjá ìṣẹ́jú kan, ẹni tó ń ka iye náà ti kú. Àkọsílẹ̀ wà, ọjọ́ àti wákàtí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò jí láti wá kà á. Bí ènìyàn bá pa bíráúsà tó sì tún un ṣí, ẹ óò tún ka àkọsílẹ̀ náà, ẹ óò tún fún un ní setTimeout tuntun, òun náà yóò tún kú kí omi tó hó.

chrome.alarms, agogo tí Chrome fúnra rẹ̀ ń tọ́jú fún àfikún, ni ẹ óò lò, àṣẹ rẹ̀ kì í sì í mú ìkìlọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lé alarm kan lọ́wọ́ kí ẹ wá gbàgbé ìyókù. Àwọn tó ń kọ Chrome fúnra wọn ti là á mọ́lẹ̀ pé alarm lè pòórá nígbà tí bíráúsà bá kú tó tún jí, àti pé ẹ kò lè gbọ́kàn lé e lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n. Ní ti Firefox, kì í kọjá ìgbà tí ènìyàn bá pa bíráúsà náà. Ẹ fi alarm ṣe agogo tí ń jíni lásán. Òótọ́ ọ̀rọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ yín: lẹ́tà wo, ọjọ́ wo, wákàtí wo. Alarm kan ṣoṣo tó ń dún ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ti tó. Nígbàkígbà tó bá dún, ẹ ka àkọsílẹ̀, ẹ mú gbogbo èyí tí àkókò rẹ̀ ti tó tàbí tó ti kọjá, ẹ sì ṣe iṣẹ́ wọn. Nígbàkígbà tí service worker bá jí fún ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ wò bóyá agogo náà ṣì wà. Bí kò bá sí, kí ó tún un gbé kalẹ̀. Bí ènìyàn bá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé fún ọjọ́ méjì, kò séwu, nítorí pé ọjọ́ tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni ẹ ń wò.

Ẹ rí i dájú pé òkè pátápátá nínú fáìlì ni ẹ kọ chrome.alarms.onAlarm.addListener sí, kì í ṣe inú iṣẹ́ mìíràn tó ń dúró de ìdáhùn. Bí service worker bá jí, tí kò sì rí etí tó ń gbọ́ ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀, ohun tó jí i yóò kọjá lọ.

Ní ti ẹni tó ti ń kọ̀wé láti ọdún 2021, òótọ́ ló ń sọ. Iye tó pọ̀ jù tí setTimeout lè gbà ni 2,147,483,647, tí kò pé ọjọ́ 25. Ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 2,592,000,000. Bí iye bá ti kọjá ààlà yẹn, kì í dúró rárá. Ojú ẹsẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i fúnra yín. Ẹni tó sọ àṣìṣe kan náà fún ọdún gbọọrọ láìfi àfikún sílẹ̀, ó yẹ kí ó gbọ́ pé òun kò ṣì í rí.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ pa DevTools dé, ẹ lọ sí chrome://serviceworker-internals, ẹ fi ọwọ́ ara yín dá service worker náà dúró, kí ẹ sì wò bóyá ìránnilétí yóò dé.

Onílẹ́tà

Mo ń kọ àfikún, ṣùgbọ́n mo tún ń lo irú ti yín yìí lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni màá gbà wọlé.

Ìkìlọ̀ tí àwọn ènìyàn yín rí kì í ṣe ohun kékeré lójú wọn. Bí ìmúdójúìwọ̀n bá béèrè àṣẹ tuntun tó ní ìkìlọ̀, Chrome yóò dá àfikún náà dúró títí ẹni tó ni bíráúsà yóò fi gbà. Àfikún tó ń wọ inú lẹ́tà ènìyàn, tó wá jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ ka ìtàn gbogbo ibi tó ń lọ, bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ẹ̀bi kọ́ ni wọ́n jẹ. Wọn kò mọ̀ yín. Ohun tí wọ́n rí kà ni wọ́n mọ̀.

Ẹ kò sì nílò “tabs” rárá. Nígbà tí ẹ ti ní àṣẹ lórí àdírẹ́sì ojú-ìwé ímeèlì náà nínú host_permissions (àwọn ojú-ìwé tí àfikún gba àṣẹ láti wọ̀), chrome.tabs.query yóò fi àdírẹ́sì táàbù tó bá bá a mu hàn yín láìsí àṣẹ mìíràn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú pé iṣẹ́ tuntun kan nílò àṣẹ ní tòótọ́, ẹ fi í sínú optional_permissions, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì iṣẹ́ yẹn gan-an, tí ìdí rẹ̀ yóò ti hàn sí i.

Ohun mìíràn wà tí ẹ kò mẹ́nu bà. Ojú-ìwé ímeèlì kò dà bí ojú-ìwé mìíràn: ènìyàn máa ń ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìtún un gbé. Bí ìmúdójúìwọ̀n bá dé nígbà náà, kóòdù àtijọ́ yín ṣì wà nínú táàbù yẹn, bọ́tìnì rẹ̀ ṣì hàn, ṣùgbọ́n kò lè bá àfikún sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni náà yóò tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ṣí DevTools ni yóò tó rí “Extension context invalidated” níbẹ̀, ta ló sì ń ṣí DevTools láti kọ lẹ́tà? Firefox máa ń fi content script (kóòdù àfikún tó ń ṣiṣẹ́ nínú ojú-ìwé) tuntun sínú àwọn táàbù tó ti wà ní ṣíṣí. Chrome kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ fi scripting.executeScript ṣe é fúnra yín nínú onInstalled. Bí ẹ bá ṣe é, kí kóòdù tuntun kọ́kọ́ palẹ̀ bọ́tìnì àtijọ́ mọ́ kí ó tó fi tirẹ̀ síbẹ̀, kí bọ́tìnì má baà di méjì.

Ẹ má ṣe tún ojú-ìwé náà gbé fúnra yín láé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ń kọ lẹ́tà gígùn kan sí ẹni tí mo ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ti dé ìpínrọ̀ kẹrin, ni àfikún kan tí mo ń lò bá pinnu pé òun fẹ́ gba ìmúdójúìwọ̀n. Ojú-ìwé náà funfun báláú, nígbà tó sì padà dé, ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ nìkan ló kù. Ẹ kọ gbólóhùn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì yín pé ẹ̀dà tuntun ti dé, kí ẹni náà tún ojú-ìwé gbé nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọ̀nà_Tààrà

Ẹ̀yin ará, ó dà bíi pé gbogbo wàhálà bọ́tìnì tó ń pòórá yìí wá láti inú pé Aláfikún ń wá ọ̀nà gba inú ojú-ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀. Gmail, bí àpẹẹrẹ, ti ní API, ọ̀nà tí ètò kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀, láti ọdún 2014. Kí ló dé tí kò fi bá API sọ̀rọ̀ tààrà, kí ó fi ojú-ìwé sílẹ̀?

Àgbà_Kóòdù

Ìbéèrè yín mọ́gbọ́n dání, Ọ̀nà_Tààrà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn fún irú àfikún yìí. Láti ọdún 2019 ni Google ti ka àwọn àṣẹ bíi gmail.readonly àti gmail.modify sí èyí tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn: ẹni tó bá fẹ́ wọn gbọ́dọ̀ gba ìyẹ̀wò kọjá, bí lẹ́tà àwọn ènìyàn bá sì ń gba orí sáfà rẹ̀, yóò tún máa san owó àyẹ̀wò ààbò lọ́dọọdún. Ẹnì kan tó ń dá ṣiṣẹ́ kò ní rọrùn fún. Ju ìyẹn lọ, àfikún tó ń fi èsì sínú lẹ́tà tí ènìyàn ń kọ lọ́wọ́ kò ní ìdí láti lè ṣí gbogbo àpótí lẹ́tà rẹ̀. Ohun tí a kò bá gbà sọ́wọ́ kò lè jábọ́ lọ́wọ́ wa.

Aláfikún, ní ti bọ́tìnì, ohun tí ìlànà tuntun kọ̀ ni kóòdù tó ti ìta wá. Kò kọ dátà. Ẹ lè fi fáìlì JSON kan sórí sáfà yín tó sọ àwọn àmì tí a fi ń dá àpótí ìkọ̀wé mọ̀, kí gbogbo ọgbọ́n tó ń lo àmì náà sì wà nínú àfikún tí àwọn olùyẹ̀wò ti rí. Kí ẹ̀dà kan fáìlì yẹn wà nínú àfikún fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ tí sáfà bá kú.

Àmì wo ni ẹ wá ń lò? Bí ó bá jẹ́ orúkọ class oní-lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe, ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o. Ẹ wá ohun tí ojú-ìwé náà kò lè ṣe aláìní: role (iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe), contenteditable (àmì ibi tí a lè kọ̀wé sí), àti ipò tí ohun kan wà sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré sí aria-label (orúkọ tí a fún ohun kan fún ẹ̀rọ tó ń ka ojú-ìwé sókè), wọn kì í sì í rántí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú èdè tí ènìyàn yàn fún ímeèlì rẹ̀. Àfikún yóò ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì dákẹ́ fún ẹni tó ń lo Faransé. Bí gbogbo àmì bá sì kùnà, kí àwọn èsì ṣì wà nínú fèrèsé kékeré tó ń yọ láti ara àmì àfikún lókè bíráúsà, kí ènìyàn lè ṣe àdàkọ wọn fúnra rẹ̀ títí ẹ óò fi tún un ṣe.

Aláfikún (olùbéèrè)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ kò ní ṣàìrí olùrànlọ́wọ́. Ìkéde yẹn kò jáde. Wákàtí kan péré ló kù tí n bá fi í síta, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ti ń kọ èyí.

Mo ti parí 2.0.1. Àwọn tó ń lo àfikún mi kò tó 10,000 tí Chrome Web Store ń béèrè kí ènìyàn tó lè gbé ẹ̀dà jáde fún ìdá díẹ̀ nínú wọn lákọ̀ọ́kọ́, nítorí náà mo gbé ẹ̀dà ọ̀tọ̀ kan kalẹ̀ fún àwọn adánwò nìkan. Kí n tó fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo gbé 1.9 sórí bíráúsà tó ṣófo, mo kọ èsì márùn-ún sínú rẹ̀ ní localStorage bí ó ti wà látijọ́, mo fi 2.0.0 rọ́pò rẹ̀, mo fi èsì kan kún un níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá gbé 2.0.1 dé. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló pé. Mo dá service worker dúró lẹ́ẹ̀mẹta ní àárín ìṣípò, wọ́n ṣì pé. Mo ti yọ “tabs” kúrò. Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ń sọ ti oṣù kan, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ 25 náà fún un.

Ìṣòro kan ṣoṣo ni mo bá pàdé nígbà ìdánwò. Bí 2.0.1 bá dé, yóò rí gbogbo ìránnilétí tó ti kọjá àkókò láti ọjọ́ Ajé, yóò sì rán gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí kọ̀ǹpútà mi, 38 ló bọ́ sórí ojú kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú kan. Báwo ni kí n ṣe é?

Adánwò

Ẹ má rán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé ó ju mẹ́ta lọ tó ti kọjá àkókò, ẹ fi ìfitónilétí kan ṣoṣo hàn pé ìránnilétí báyìí-báyìí kò dé lásìkò, kí títẹ̀ rẹ̀ ṣí ojú-ìwé kan nínú àfikún tí gbogbo wọn tò sí, kí ọjọ́ tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dé wà níwájú rẹ̀, kí èyí tó ti pẹ́ jù wà lókè. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní kedere pé àṣìṣe àfikún ló fa ìdádúró náà. Àwọn kan nínú wọn ti rò pé àwọn ló gbàgbé lẹ́tà yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìránnilétí kan kúrò nínú àkọsílẹ̀ nítorí pé ẹ ti fi í hàn. Kí ó wà níbẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ sọ pé òun ti rí i.

Aláfikún (olùbéèrè)

Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò sì fọwọ́ sí 2.0.1 ní àárọ̀ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lẹ́tà arábìnrin ọjọ́ Ajé yẹn gbà. Èsì rẹ̀ ti di 65: 63 ti àtijọ́, àti méjì tó ti tún kọ láti orí nígbà tó rò pé wọ́n ti lọ. Ó ní ti àtijọ́ dára ju àwọn tuntun náà lọ, ó sì béèrè bí òun ṣe lè pa méjì náà rẹ́. Mo rí i báyìí pé n kò tíì fi bọ́tìnì ìparẹ́ sínú ẹ̀dà tuntun náà, nítorí náà òun ni mo jókòó tì báyìí fún 2.0.2.